Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí

Àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wa gbà pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí, wọ́n a máa fi iṣẹ́ falẹ̀, wọ́n a sì máa ka ọjọ́ de òpin oṣù. Ọ̀tọ̀ ni ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adéníyì Àjàyí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1929 ni a bí i ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Akọ̀wé Ẹlẹ́kọ̀lé ni bàbá rẹ̀, nítorí náà láti kékeré ni ó ti ń fojú rí bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé St. Paul ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí ó gbọ́ nípa Igbobi College ní Èkó, ó gbìyànjú láti wọ ibẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ni ó fi owó ràn án lọ́wọ́ ní 1940. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé owó-orí àwọn àgbẹ̀ wà nínú owó bẹ́ẹ̀.

Ó kàwé ní Ìbàdàn, ní Leicester àti ní London, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1958 ó padà wá kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní Ìbàdàn. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé tí wọ́n kọ hàn pé irọ́ ni.

Ní 1972 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Àkókò náà kò dẹrùn fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ìparí ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀kúnwó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní owó Údójì. Inú òṣìṣẹ́ dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí, tí ayọ̀ sì di ìráhùn. Ní 1975, ìjọba ológun yọ òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ráyè sọ tẹnu wọn. Láti ìgbà náà ni ọkàn òṣìṣẹ́ púpọ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ní 1978, ọ̀rọ̀ náà kan Àjàyí fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi kún owó oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, àwọn agbófinró yìnbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àjàyí kọ́ ni ó fi kún owó oúnjẹ, òun kọ́ ni ó sì ní kí wọ́n yìnbọn. Síbẹ̀, ìjọba yọ ọ́ kúrò ní ipò.

Ẹlòmíràn ì bá bínú fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ pátápátá. Àjàyí padà sí Ìbàdàn, ó sì tún dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ó ń kọ́ni, ó ń kọ̀wé, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1989. Ní ọdún náà ni àjọ UNESCO gbé ìwé kẹfà lórí ìtàn Áfíríkà jáde, òun sì ni olóòtú rẹ̀. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 85.

Èyí kò wí pé kí a máa rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó tọ́ kí ìjọba san owó oṣù déédéé, kí ó má sì lé ẹnikẹ́ni láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò lè bọ́, ẹ̀kúnwó lè tán lọ́jà. Ìfẹ́ iṣẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Lónìí, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọyẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àti àwa tí a ó di òṣìṣẹ́ lọ́la, fi ìgbésí ayé ọmọ Ìkọ̀lé yìí ṣe àríkọ́gbọ́n.