Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Asopọ̀

Ìlú Òṣóògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a gbé bí Àjàyí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1821 ogun dé bá ìlú náà, a fi iná sun ún, a sì kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Láti ọwọ́ olówò kan sí ọwọ́ òmíràn ni a ń tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Myrmidon gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ̀wé, tí a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, tí ó fi di Samuel Crowther. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Apá kan wà nínú rẹ̀, síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ kan rékọjá, èyíinì ni làálàá tí ọkùnrin yìí ṣe kí èdè Yorùbá tó lè ro ẹjọ́ lórí ìwé.

Ní ọdún 1843, ọdún tí a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn ará wa ní Freetown. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ sì ti fojú kanra lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó ti kúrò nílé láti ìgbà èwe kò lè ṣàì tún èdè ìyá rẹ̀ kọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Crowther kò tijú èyí. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pa òwe, a máa tẹ́tí sí wọn, a sì máa kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé gírámà rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1852, ti jáde.

Ṣùgbọ́n kí gírámà yẹn tó jáde ni a ti tẹ Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù tí ó túmọ̀, ní ọdún 1850. Ìtàn kọ́ ni ìwé yìí. Ẹni tí ń sọ ìtàn lè fi “ó sì” kan tẹ̀ lé òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kò sì ní ṣìnà. Àwíjàre ni Ìwé Róòmù: Pọ́ọ̀lù a sọ ọ̀rọ̀ kan, a sọ ìdí rẹ̀, a fúnra rẹ̀ gbé àtakò dìde, a sì fèsì. Bí ẹ bá yọ “nítorí”, “nítorí náà”, “ṣùgbọ́n”, “ǹjẹ́” àti “bí” kúrò nínú rẹ̀, ohun tí yóò kù ni bíríkì láìsí amọ̀.

Ìṣòro tí ó dojú kọ olùtumọ̀ níhìn-ín kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń so orúkọ mọ́ orúkọ, òun náà ni ó sì fi ń so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn. Yorùbá kò gba bẹ́ẹ̀. Iṣu àti epo ni à ń wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìṣe méjì, “sì” ni à ń lò, ibùjókòó rẹ̀ sì ni ẹ̀yìn olùwà: mo lọ sí ọjà, mo sì ra iṣu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé òun lọ sí ọjà àti òun ra iṣu, Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ, ó kàn fi aṣọ Yorùbá bò ó ni. (Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tí a bí sínú èdè yìí ni ó ń ṣe é jù.) “Bí” pẹ̀lú kì í dá rìn, “bá” ni ẹnìkejì rẹ̀. “Yálà” ń wá “tàbí”, “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” sì ń retí “síbẹ̀”. Ẹni tí kò bá fi etí sí bí Yorùbá ti ń to ọ̀rọ̀ yóò túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pátá, ẹjọ́ Pọ́ọ̀lù yóò sì bọ́ sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Agége kò ní láti rìn jìnnà kí ẹ tó rí ohun tí asopọ̀ lè dá sílẹ̀. Láti òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Dunlop, ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní ọdún 2008. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ṣíwọ́ nítorí pé táyà òkèèrè pọ̀ lọ́jà. Èkejì kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ṣíwọ́, nítorí náà táyà òkèèrè pọ̀ lọ́jà. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀bi ti dé ọrùn ẹni tí ń kó táyà wọlé. Nínú ti èkejì, olóore ni oníṣòwò kan náà, nítorí pé ó pèsè ohun tí a kò rí rà mọ́. Òótọ́ méjì náà kò yí padà. Asopọ̀ ni ó dá ẹjọ́, ẹni tí ó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Èmi a máa rí àwọn tí ń fi “nítorí náà” bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ nígbà tí wọn kò tíì sọ ìdí kankan. Wọ́n dà bí ẹni tí ń béèrè ṣéńjì láìtíì sanwó.

Iṣẹ́ Crowther kò lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1862 ilé rẹ̀ jóná, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń fi sùúrù kó jọ fún ọdún mọ́kànlá sì bá iná náà lọ pẹ̀lú apá kan nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, odò Ọya sì di oko iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ààfin Ẹ́mìà Ìlọrin ní ọdún 1872, tí a ń bi í ní ìbéèrè nípa ìsìn rẹ̀, kò bá wọn takora. Ó ṣí ìwé Yorùbá, ó sì ń ka ìdáhùn láti inú rẹ̀. Ní ọdún 1875 ó ṣe alága ìpàdé tí a ṣe ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1884 odindi Bíbélì parí, lẹ́yìn tí òun àti àwọn mìíràn, bíi Thomas King, ti ṣe làálàá lé e lórí.

Àríyànjiyàn tí ó le jù ni ó bá pàdé nígbà ogbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù fi ẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Baba arúgbó náà tako wọn, wọn kò sì gbọ́, ni ó bá fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1891 ó kú ní Èkó.

Herbert Macaulay, ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí, wà ní ìlú Plymouth nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́. Ó padà sílé ní ọdún 1893. Òun ni ó bá Olóyè Oluwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, èyí tí ilé-ẹjọ́ Privy Council níbẹ̀ dá láre ní ọdún 1921.