Njoya, ọba Foumban, àti àwọn oníṣẹ́ ìkòkò tábà rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì rántí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tí ìkòkò tábà á wà lẹ́nu rẹ̀, tí èéfín á máa rú díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, igi ni ọ̀pá rẹ̀, orúkọ tí à ń pe èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà la sì ń pè é. Lónìí, ẹni tó bá ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nílé, àfi kó jẹ́ pé ó jogún rẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni máa mu tábà o, àwọn dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ ọwọ́ là ń wí, àti ọba kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ débi pé a kò lè dárúkọ rẹ̀ ká má dárúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú rẹ̀.

Ibi tí ọba yìí ti jẹ kò jìnnà sí wa. Títí di ọdún 1954, ara ìjọba Ìlà Oòrùn Nàìjíríà tó ní Port Harcourt ní èbúté ni Gúúsù Cameroon jẹ́. Bí èèyàn bá la ilẹ̀ yẹn kọjá, tó bọ́ sí apá ibi tí Faransé ti ṣèjọba, yóò kan Foumban, olú ìlú àwọn Bamum. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ rédíò lọ́dún 1961 yóò rántí orúkọ ìlú náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú Cameroon méjèèjì ti ṣèpàdé ní oṣù July ọdún náà lórí bí wọn yóò ṣe para pọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ìlú ìpàdé, ìlú oníṣẹ́ ọnà ni, Njoya sì ni ọba tó gbé e dé ibẹ̀.

Ọmọdé ni Njoya nígbà tí bàbá rẹ̀, Ọba Nsangu, kú sójú ogun tó bá àwọn Nso jà. Àwọn Nso gé orí rẹ̀ lọ. Lójú àwọn Bamum, èyí ju ikú lọ, torí pé orí ọba tó wàjà ni wọ́n fi ń ṣètùtù kí ẹni tó tẹ̀ lé e tó lè jọba délẹ̀délẹ̀. Ìyá rẹ̀, Njapdunke, ló ṣe adelé. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ìránṣẹ́ ààfin kan tó ti lágbára jù, Gbetnkom Ndombuo, dìtẹ̀ mọ́ ọn. Njoya ní láti ránṣẹ́ sí àwọn Fúlàní Banyo, àwọn ẹlẹ́ṣin wọn ló sì bá a ṣẹ́gun. Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kírun, ó wo ìwé ọwọ́ wọn, ohun tó rí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1896, ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ ya àmì fún oríṣiríṣi ohun wá fún òun. Láti inú rẹ̀ ló ti ṣe ìlànà ìkọ̀wé fún èdè Bamum. Àmì rẹ̀ lé ní 500 níbẹ̀rẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, títí tó fi dín in kù sí 80 lọ́dún 1910. Ó dá ilé ìwé sílẹ̀, ó sì mú kí wọ́n fi ìlànà náà kọ ìtàn àwọn ọba Bamum sílẹ̀. Òyìnbó kankan kò kọ́ ọ, àwọn Jámánì kò tíì dé ìlú náà rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1902 ni wọ́n dé.

Njoya kò bá wọn jà. Lọ́dún 1906 ó bá wọn lọ sógun Nso, ó sì gba orí bàbá rẹ̀ padà. Lọ́dún 1908 ó rin ìrìn àjò lọ sí Buea láti fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí Kaiser, ọba Jámánì. Ìtẹ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ bò látòkè délẹ̀ ni àwọn Jámánì ti ń fẹ́. Njoya ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan fún wọn, kí ojúlówó lè kù sílé. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kò parí rẹ̀ lásìkò. Ìtẹ́ bàbá rẹ̀ gan-an ló gbé lọ, ó ṣì wà ní Berlin títí dòní, èyí tí wọ́n parí lẹ́yìn náà ni òun wá ń jókòó lé. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ nítorí àríyá yóò mọ ohun tí ojú kábíyèsí rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìkòkò tábà. Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni àwọn òyìnbó ti kó o wá lẹ́yìn ọdún 1492, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn tó ń walẹ̀ wádìí ìtàn bá rí àfọ́kù ìkòkò tábà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n á mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ náà kò ṣáájú àsìkò yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé náà dé orí òkè tí àwọn Bamum ń gbé, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ìkòkò tábà ni wọ́n fi ń mọ ipò èèyàn. Mẹ̀kúnnù á mu èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́. Ìjòyè á ní èyí tó tóbi, tí wọ́n fín dáadáa. Ti ọba ló tóbi jù: ọ̀pá rẹ̀ lè gùn débi pé orí ìkòkò á wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì bá a finá sí i. Wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ wé ọ̀pá náà. Òmíràn wúwo débi pé kò sẹ́ni tó ń mu ún, ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń gbé e jáde kí ará ìlú lè rí i.

Amọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á po amọ̀ náà títí tí kò fi ní òkúta tàbí gbòǹgbò nínú, nítorí òkúta kékeré kan tó fún ìkòkò sísun láti bẹ́. Wọ́n á mọ orí rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á sì lu ihò tí èéfín yóò gbà bọ́ sínú ọ̀pá. Ihò yìí ni àdánwò iṣẹ́ náà: bó bá fẹ̀ jù, tábà á máa wọ ẹnu, bó bá há jù, iná á kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fín in, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá sun ún. Ti idẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn asudẹ Ifẹ̀ àti ti Benin ṣe ń ṣe ni wọ́n ń ṣe é: ìda oyin ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣe gbogbo àwòrán, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á da idẹ gbígbóná sáyè rẹ̀. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Nítorí náà méjì ò lè jọra délẹ̀.

Àwòrán tí wọ́n ń fi sí i kì í ṣe ti eré. Orí èèyàn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú wọ́pọ̀. Aláǹtakùn tó ń gbé inú ilẹ̀ náà wọ́pọ̀, torí òun ni àwọn awo wọn fi ń dífá: wọ́n á to ewé sẹ́nu ihò rẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe tú u ká. Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ àmì ọmọ bíbí. Erin àti ejò olórí méjì jẹ́ ti ọba, ejò náà sì ń rántí Ọba Mbuembue tó bá ọ̀tá jà níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ṣẹ́gun.

Njoya kó àwọn asudẹ, ahunṣọ, aláró àti àwọn agbẹ́gilére sábẹ́ ààfin, ó ń bọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ń dán nǹkan wò. Ó ṣe ọlọ tí ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo. Ó ní kí àwọn asudẹ ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí yóò máa tẹ lẹ́tà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é, nígbà tó yá ó fi ìbínú fọ́ ọ. Lọ́dún 1917 ó bẹ̀rẹ̀ ààfin tuntun tó ṣì wà nídùúró.

Ìgbà náà ni nǹkan yí padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wọ Foumban ní oṣù December 1915, àmọ́ lọ́dún 1916 wọ́n fi í sílẹ̀ fún Faransé. Faransé kò fẹ́ ọba tó ní ìwé tirẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé rẹ̀ pa, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́dún 1931 wọ́n lé e lọ sí Yaoundé. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1933.

Ẹnì kan wà tó dúró ti Faransé nígbà náà, Mosé Yeyap, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ kàwé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, tó di ògbifọ̀ ìjọba. Òun àti Njoya kì í ṣe ọ̀rẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ààfin kò lágbára láti bọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà mọ́, Yeyap ló kó wọn jọ sí òpópónà kan ní Foumban ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, tó ń wá oníbàárà fún wọn, tó sì dá mùsíọ́mù sílẹ̀ síbẹ̀. Ìkòkò tábà tó jẹ́ ti ọba nìkan tẹ́lẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ lè rà. Àwọn kan bínú sí i. Lójú tiwa, bí kò bá ṣe e, ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ti ju irin iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sóko. Àmọ́ bí Njoya kò bá ti fi ọgbọ̀n ọdún bọ́ wọn, kò ní sẹ́ni tí Yeyap ì bá kó jọ.

Yeyap kú lọ́dún 1941. Ọmọ Njoya, Seidou Njimoluh, jọba láti 1933 di 1992, ó sì tọ́jú ìtẹ́, ìwé àti ìkòkò tábà bàbá rẹ̀ sí ààfin. Ní oṣù April 2024, wọ́n ṣí mùsíọ́mù tuntun fún àwọn ohun ìní ọba wọ̀nyí lẹ́bàá ààfin náà. Ejò olórí méjì àti aláǹtakùn, àwòrán tí wọ́n ń fín sára ìkòkò tábà, ni wọ́n fi ṣe ìrísí ilé náà.