Ìtàn Ayé Dókítà Hepburn, Ẹni tí ó Ṣa Ọ̀rọ̀ Jọ ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ní ọdún 1815 ni a bí James Curtis Hepburn ní ìlú Milton, ní Pennsylvania, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì fún ọdún díẹ̀ ní Ṣáínà. Lẹ́yìn náà ó di oníṣègùn tí ó lókìkí ní New York. Ṣùgbọ́n ní 1859, nígbà tí ó di ẹni ọdún 44, ó fi ọlá náà sílẹ̀, àti ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un, òun àti Clara aya rẹ̀ sì wọkọ̀ lọ sí Jàpáànì.

Òfin ilẹ̀ náà ka ìsìn Kristi léèwọ̀ nígbà náà, nítorí náà kò lè wàásù. Ó ń wo aláìsàn láìgba owó, ó sì ń kọ́ èdè.

Èdè náà kò rọrùn. Láti Ṣáínà ni àmì ìkọ̀wé tí a ń pè ní kanji ti wá, ìtumọ̀ ni àmì kọ̀ọ̀kan sì dúró fún. Àmì tí ó túmọ̀ sí òkè, a lè pè é ní yama, a sì tún lè pè é ní san. Èyí tí ó túmọ̀ sí omi, mizu ni, sui sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ojú nìkan kọ́ ọ kò ní lè sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi etí nìkan kọ́ ọ kò ní lè ka ìwé.

Hepburn kò ya ojú àti etí nípá. Láti ẹnu olùkọ́ àti láti inú ìwé ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ábídí tiwa, ó kọ ọ́ ní katakana tí í ṣe àmì ohùn àwọn ará Jàpáànì, ó sì kọ kanji rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìtumọ̀ sí i, àti gbólóhùn tí ó fi ìlò rẹ̀ hàn. Kishida Ginkō, tí ó wá gba ìtọ́jú ojú lọ́dọ̀ rẹ̀, di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Shanghai láti tẹ ìwé náà, ó sì jáde ní 1867 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 20,000. Ó tún un ṣe ní 1872 àti 1886. Títí di òní, ìlànà tí a ń pè ní orúkọ rẹ̀ ni a fi ń kọ orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin Jàpáànì ní ábídí.

A mú èèwọ̀ ìsìn náà kúrò ní 1873, Hepburn sì wà nínú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní 1911, ní ẹni ọdún 96.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a óò kọ́ ọmọdé ní ìwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí lásán. Kí ohùn, àmì, ìtumọ̀ àti ìlò máa rìn pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì sú wa láti kọ́, kí a rántí àgbà tí ó jókòó bí ọmọ iléèwé fún ọdún mẹ́jọ.