Ògèdèǹgbé Agbógungbórò

Atórin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a bí Ògèdèǹgbé sí, ní ìgbà tí ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn balẹ̀ sùn. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú. Ìbàdàn náà ni ó ti kọ́ ogun jíjà. Ọgbọ́n tí ó kọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó padà wá fi bá wọn jà.

Ní ọdún 1870, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó ti Iléṣà fún ìgbà pípẹ́, Ìbàdàn kó ìlú náà. Ògèdèǹgbé bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sí ìhà Àkúrẹ́, ó sì ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń ni àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lára, títí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní ọdún 1878. Báyìí ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe dìde.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò dára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn nítòsí Ìkirun, pẹ̀lú àwọn ará Ìlá àti Ìlọrin tí ó bá wọn jà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ kó sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Nígbà náà ni ó yé wọn pé ìgboyà nìkan kò tó. Wọ́n nílò ẹni tí yóò kó gbogbo wọn ṣọ̀kan. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé. Kò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó wá.

Láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti dojú kọ ara wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí ogun Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn tí ń dún láàrin àwọn òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885, ogun kò sì tíì tán. Ní ọdún 1886, àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ síwá sẹ́yìn, a sì ṣe àdéhùn pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà yóò dá dúró. Ọdún 1893 ni Gómìnà Carter fi òpin sí gbogbo ogun náà.

Ní ọdún 1894 àwọn Òyìnbó mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì fi í pamọ́ sí Ìwó. Nígbà tí ó padà sílé, ó di Ọbańlá Iléṣà. Ó kú ní ọdún 1910. Nínú ogun Kírìjì, kò ṣẹ́gun Ìbàdàn, Ìbàdàn kò sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ ni pé ó mú àwọn ìlú tí kì í gbọ́ ti ara wọn dúró pọ̀ lójú ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ti tú ká ni, ẹrú ni wọn ì bá tún padà jẹ́.