Elizabeth Cotten, obìnrin tí ó fi ọwọ́ òsì ta gìtá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ ìwé, ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì. Èwo ni ẹ fi ń kọ̀wé? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá yín wí nítorí rẹ̀ rí. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn obìnrin kan tí ọwọ́ òsì sọ di olókìkí.

Elizabeth Cotten ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni. A bí i ní ọdún 1893 ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní báńjò, ohun èlò orin olókùn kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti jáde lọ, àbúrò a gbé báńjò, a máa ta á. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kúrò nílé, ó gbé báńjò rẹ̀ lọ. Ni Elizabeth bá lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, ó sì ra gìtá tirẹ̀ ní dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 75.

Báwo ni a ṣe ń ta gìtá? Gìtá ní okùn 6. Àwọn kan nípọn, ohùn wọn wúwo. Àwọn kan jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn ròkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ òsì tẹ okùn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta á. Àtàǹpàkò ń ta okùn tí ó nípọn, nítorí òkè ni ó wà. Àwọn ìka yòókù ń ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Elizabeth yí gìtá padà sí ọwọ́ òsì. Okùn tí ó nípọn wá bọ́ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìka ni ó fi ń ta okùn tí ó nípọn, àtàǹpàkò ni ó sì fi ń kọ orin lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìka ń ṣe bí omele, àtàǹpàkò ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Wọ́n ní kí ó tún okùn tò. Ó tún un tò, kò lè ta á mọ́. Ó dá okùn padà sí ipò wọn.

Ó ṣì kéré nígbà tí ó ṣe orin kan nípa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Lẹ́yìn náà ó lọ́kọ, ó bímọ. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní kí ó fi orin ayé sílẹ̀. Iṣẹ́ ilé sì pọ̀. Ó pa gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó ti di ìyá àgbà nígbà tí ó ń ta ọmọláńgidi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Washington. Ní ọjọ́ kan, ó rí ọmọ tí ó sọnù, ó sì dá a padà fún ìyá rẹ̀. Peggy Seeger ni ọmọ náà. Olórin ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n gba Elizabeth síṣẹ́ ilé. Gìtá kan wà lára ògiri níbẹ̀. Ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Ẹnu ya àwọn ará ilé.

Peggy kọ orin ọkọ̀ akẹ́rù yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjì níbẹ̀ kọ orúkọ ara wọn sí i bí ẹni pé àwọn ni ó ni ín. Àwọn Seeger gbèjà Elizabeth, orúkọ rẹ̀ sì padà sórí orin náà. Ẹ rí i bí orúkọ tí a kọ sílẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó.

Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1958, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 65. Ní ọdún 1985, ó gba ẹ̀bùn Grammy, ẹ̀bùn ńlá àwọn olórin Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 1987. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà tí ó ń gbà ta gìtá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọwọ́ yín kò bá yára bíi ti ẹlòmíràn, tàbí bí ọjọ́ orí bá ti lọ, ẹ má ṣe fi gègé sílẹ̀.