Bella Bellow, olórin ilẹ̀ Tógò tó dolóògbé lójú ọ̀nà Atakpamé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó ọjà láti Kamina àti Atakpamé lọ sí Lómé, ẹ ti kọjá ní Lilikopé àìmọye ìgbà. Ọkọ̀ á ti fi Notsé sílẹ̀, á máa sún mọ́ Tsévié, awakọ̀ á sì máa sáré nítorí pé Lómé ti fẹ́ dé. Ibẹ̀ ni jàǹbá ọkọ̀ ti gba ẹ̀mí Bella Bellow lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejìlá, ọdún 1973. Ẹni ọdún 28 ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó pé ọdún 29.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orin rẹ̀ lórí fóònù lónìí ò mọ̀ pé olóògbé ló ni ohùn yẹn, wọn ò sì mọ bó ṣe dé ibi tó dé. Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ ìtàn rẹ̀.

Georgette Nafiatou Adjoavi Bellow ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Tsévié ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1945, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Georgette jẹ́ ti àwọn Faransé. Nafiatou jẹ́ ti Mùsùlùmí, kò sì ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ náà ni Bellow, torí kò sí ọjà ilẹ̀ Yorùbá tí èèyàn ò ti ní rí ẹni tó ń jẹ́ Bello. Adjoavi ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ tí àwọn Ewe àti Mina máa ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí i lóòótọ́. Ọjọ́ Ajé náà ló kú.

Ilé ẹ̀kọ́ Bonnecarrère ní Lómé ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ohùn rẹ̀. Láyé ìgbà náà, kò wọ́pọ̀ kí òbí fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin òun fẹ́ máa kọrin jẹun. Alágbe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe olórin, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin. Iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ọmọbìnrin tó kàwé ṣe, iṣẹ́ yìí gan-an ni Bella sì lọ kọ́ ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lọ́hùn-ún, ó tún wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ó ń kọ́ ìmọ̀ orin níbẹ̀.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ohùn dídùn kò tún ní ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kun àwòrán, àwọn tó ń gbẹ́ ère àti àwọn tó ń kọrin ti máa ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ orin á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin lójú ìwé, lórí ìlà márùn-ún tí wọ́n ń to àmì ohùn sí, tí yóò fi jẹ́ pé orin tí kò gbọ́ rí láyé rẹ̀, bó bá ti rí i nínú ìwé, á kọ ọ́. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, kí èémí má baà tán láàárín ọ̀rọ̀. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìlù, kó lè mọ ìgbà tí yóò wọlé àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí lè dúró láàárín àwọn onílù àti onífèrè láti orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́.

Àmọ́ wàhálà kan wà níbẹ̀. Èdè Ewe àti Mina dà bíi Yorùbá wa, ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jáde. Ẹni tó fẹ́ pe ọkọ, tó wá gbé ohùn sókè níparí rẹ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko ló pè yẹn. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, tí wọ́n kàn to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀, orin ń lọ sókè, kò sì pẹ́ tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò fi ní mọ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Ọ̀pọ̀ olórin tó lọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ló kúkú fi èdè ilé sílẹ̀, wọ́n ń kọrin Faransé.

Bella ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè ilé ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀, èdè kan náà tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń ná ọjà ní Lómé. Kì í pariwo, kì í lọ́ ohùn kiri. Á kàn gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á sì dúró bó ṣe yẹ kó dúró. Ní tiwa, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fara hàn jù lọ nìyí, pé èèyàn ò rí ẹ̀kọ́ náà rárá, orin nìkan ló ń gbọ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá kan ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí Ààrẹ Senghor ti pe àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú jọ láti gbogbo àgbáyé. Àwọn ère àti àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀ fún ìran wíwò, Duke Ellington wá láti Amẹ́ríkà, Nàìjíríà sì kó eré Wole Soyinka wá. Bella ló kọrin fún ilẹ̀ Tógò. Ẹni ọdún 21 ni.

Láti ibẹ̀, nǹkan yá kánkán. Gérard Akueson, ọmọ Tógò tí òun náà jẹ́ olórin, tó sì ń gbé àwo orin jáde, mú un lọ sí Paris. Ní 1969, orin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rockia jáde, òun ló sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí rédíò ń pè káàkiri. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Manu Dibango, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tó ń fọn fèrè sáksófóònù. Ó kọrin ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì dé Brazil.

Ó fẹ́ ọkọ, adájọ́ ni ọkọ náà, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ yẹn ṣì kéré nígbà tí jàǹbá Lilikopé ṣẹlẹ̀. Bí a bá kà á láti Dakar títí dé ọjọ́ náà, kò pé ọdún mẹ́jọ tí Bella fi ṣiṣẹ́ tí gbogbo ayé rí. Orin tó fi sílẹ̀ ò pọ̀. Ó dùn wá pé ọ̀nà ọkọ̀, tó ń pa àwọn oníṣòwò wa títí dòní, ló pa á, nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó.

Nígbà tó kú, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan wà ní ilẹ̀ Dàhòmì, tí à ń pè ní Benin báyìí, tó ń fi orin rẹ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọrin. Angélique Kidjo ni ọmọ náà. Nígbà tó dàgbà tí òun náà di ìlúmọ̀ọ́ká, kò yé dárúkọ Bella. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ pé 100 ọdún tó ti parí, wọ́n ní kó wá kọrin ní Paris ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà àtàwọn ilẹ̀ mìíràn tí òyìnbó ń ṣàkóso. Ààrẹ Faransé wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà náà jókòó. Orin tí Kidjo mú ni Blewu, orin Bella. Ìtumọ̀ Blewu ni jẹ́jẹ́, tàbí díẹ̀díẹ̀.

Ogun tí wọ́n ń rántí lọ́jọ́ náà dé Kamina wa níbí. Àwọn Jámánì ló kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì síbí, òun ni wọ́n fi ń bá ìlú wọn àtàwọn ọkọ̀ ojú omi wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba apá Gold Coast àti etíkun wá, àwọn Faransé gba Dàhòmì. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù náà, ìjà le ní odò Chra, láàárín Notsé àti Atakpamé, ojú ọ̀nà kan náà yìí. Nígbà tí àwọn Jámánì rí i pé kò sọ́nà mọ́, àwọn fúnra wọn fọ́ àwọn òpó irin wáyálẹ́ẹ̀sì náà lóru, wọ́n sì túúbá ní Kamina lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé ìbọn níhà méjèèjì, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ Blewu fún wọn ní Paris, ó ku oṣù kan kó pé ọdún 45 tí Bella Bellow ti kú.