William Cowper àti Ètùtù Nì

A bí William Cowper ní Berkhamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1731. Kò tíì pé ọmọ ọdún 6 tí ìyá rẹ̀ fi kú.

Ní 1763, ìpayà ìdánwò fún iṣẹ́ akọ̀wé ní Ilé Aṣòfin mú kí ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní St. Albans. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run ti kọ òun. Níbẹ̀ ni ó ti ka Róòmù 3:25 ní 1764. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni í wá ohun ètùtù; nínú ẹsẹ yìí, Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ ni ó pèsè rẹ̀. Cowper gbà á gbọ́, ó sì sunkún ayọ̀.

Ní Olney ni ó ti kọ orin ìsun ẹ̀jẹ̀ tí àwa náà ń kọ.

Ní 1773 àrùn náà padà dé. Kò ṣiyèméjì pé ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ẹlẹ́ṣẹ̀ gbogbo. Ara rẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀. (Kí a má tètè pe èyí ní àìgbàgbọ́, àìsàn ni.) John Newton, àlùfáà ìjọ náà, gbà á sílé ju ọdún kan lọ. Cowper kú ní East Dereham ní oṣù kẹrin ọdún 1800, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.